Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa kó ọmọ mi lọ sínú igbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìyá Tíwá, Thamesmead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ní ká dá ìwé padà.

Ọmọ mi obìnrin ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Nọ́sìrì tó ń lọ ò jìnnà sí wa. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé láti oṣù tó ń bọ̀, gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọn yóò máa kó wọn lọ sí igbó Lesnes Abbey, láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ títí di ọ̀sán. Forest school ni wọ́n pè é. Wọ́n ní òjò ò ní dá wọn dúró. Wọ́n ní àwọn ọmọ á máa gun igi, wọ́n á máa fi ẹrọ̀fọ̀ ṣeré, wọ́n á jókòó ti iná, bó bá sì yá wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo irinṣẹ́. Irinṣẹ́ wo? Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà, mo rí ọ̀bẹ, mo rí ayùn.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti wá. Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà fún wọn, wọ́n ní, "Ṣebí torí kí ọmọ má baà máa ti inú igbó dé ilé ìwé lẹ ṣe wá sílùú òyìnbó? Ẹ tún wá ń sanwó kí wọ́n mú un padà síbẹ̀?" Ọkọ mi ní tirẹ̀ ò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa kọ́ ọ ní A B D bó bá jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n á wà.

Èmi ń ro ti òtútù, torí ikọ́ ò jìnnà sí ọmọ yìí. Mo ń ro ti irun rẹ̀. Mo ń ro ibi tí á ti tọ̀. Iná ń já mi láyà, ọ̀bẹ ń já mi láyà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí olùkọ́ ti sọ fún wọn, ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá òní ni Ọjọ́rú. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló máa jókòó sínú kíláàsì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jáde. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àǹtí Bísí, Plumstead

Ìyá Tíwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an lẹ béèrè yìí, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀. Mo ní ìwé ẹ̀rí Level 3 tí wọ́n ń gbà kéèyàn tó lè darí forest school, àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́rin ni mo sì ń kó wọ inú igbó lọ́hùn-ún lápá Shooters Hill.

Ẹ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ lọ bá ọ̀gá nọ́sìrì, ẹ bi í ní ìbéèrè, torí orúkọ yìí ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Denmark ni wọ́n ti mú un wá. Ní 1993 àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Bridgwater College ní Somerset rìnrìn àjò lọ síbẹ̀, wọ́n rí bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń wà níta látàárọ̀, wọ́n sì padà wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní 2012 ni wọ́n dá Forest School Association sílẹ̀. Ìlànà mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n méjì ló kan ìyá ọmọ jù. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe déédéé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, pẹ̀lú àwọn ọmọ kan náà, kí ọmọ rí igbó náà nígbà òtútù kó sì rí i nígbà ooru. Èyí tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó kógbá sílé, ìgbafẹ́ nìyẹn, kò burú, àmọ́ kì í ṣe forest school. Ìkejì, ẹni tó ń darí wọn gbọ́dọ̀ ní Level 3 yẹn, ó kéré tán. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ẹni náà fún yín. Ẹ bi wọ́n pé àgbàlagbà mélòó ló ń bá wọn lọ. Òfin ìjọba ní England ní àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́jọ fún àwọn tó ti pé ọdún mẹ́ta nínú ọ̀pọ̀ nọ́sìrì, ṣùgbọ́n nọ́sìrì tó mọ ohun tó ń ṣe ò ní fi mẹ́jọ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ nínú igbó. Bí wọ́n bá sọ pé mẹ́jọ náà ni, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi iná, torí mo mọ̀ pé òun ló ń já yín láyà jù. Ọmọ ò ní rí iná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìtì igi la máa ń kọ́kọ́ tò yípo fún ìjókòó, ààyè tó fẹ̀ á sì wà láàárín ìtì igi àti ibi tí iná máa wà lọ́jọ́ iwájú. Kò sí iná níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ òfin ti wà: ẹ̀yìn ìtì igi là ń gbà kọjá, ẹnikẹ́ni kì í gba àárín sọdá. Ọmọ tó bá fẹ́ dìde á yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ìtì igi, á wá rìn yípo. Ó máa ń wọ̀ wọ́n lára débi pé ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta á máa bá àgbàlagbà wí. Mo ti rí i tí wọ́n bá ìyá kan tó wá wò wá wí pé, "Ẹ má gba ibẹ̀!" Ìgbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ la tó ń dá iná. Garawa omi á wà nítòsí, ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn á wà lọ́wọ́ olùdarí, gbogbo irun gígùn á ti di sísó sẹ́yìn, a ó ti bọ́ gèlè ọrùn kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ iná láti yan nǹkan á kúnlẹ̀ lórí eékún kan. Ẹni tó kúnlẹ̀ báyẹn lè yára fà sẹ́yìn, kò sì lè ṣubú síwájú bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Irin méjì la fi ń ṣá iná, a kì í lo ìṣáná: ẹ̀tapá iná á bọ́ sórí òwú tí a fi fásìlìnì pa, á gbiná. Àwọn ọmọ á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa wo òwú yẹn.

Ọ̀bẹ tí ẹ rí nínú lẹ́tà kì í ṣe ohun tí wọ́n máa gbé lé Tíwá lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ohun tí a fi ń bó pòtétò nílé ìdáná la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan, àgbàlagbà kan, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọwọ́ tó di igi mú ló ń wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tó di irinṣẹ́ mú kì í wọ̀ ọ́, kí irinṣẹ́ má baà yọ̀ bọ́. Ẹ̀ka igi hazel tútù ni mo fẹ́ràn jù fún wọn, torí èèpo rẹ̀ rọ̀. Ọmọ á ti irinṣẹ́ náà síwájú, kúrò lára rẹ̀, èèpo á máa ká jáde, igi funfun tó lómi lára á yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi àtàǹpàkò pa á wò, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọn ò rí mú jókòó nínú kíláàsì, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pe àwọn òbí rẹ̀. Nídìí igi yẹn, ó jókòó bó ìdajì ẹ̀ka láìgbé orí sókè, ó ní òun ń ṣe ọ̀pá fún bàbá òun àgbà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, tí mo ròyìn rẹ̀ fún un, ó bi mí bóyá ọmọ òun ni mò ń sọ.

Ti A B D, ẹ sọ fún ọ̀gá wa nílé pé kò sí nọ́sìrì tó yẹ kó máa fi bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. September tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí kẹrin ni wọ́n ń wọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé, ibẹ̀ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ gidi. Ohun tí ọmọ nílò kó tó débẹ̀ ni ọwọ́ tó lágbára láti di pẹ́ńsù mú, etí tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ já, àti ẹnu tó lè ròyìn. Àwọn mẹ́ta kan ń yí ìtì igi lọ́jọ́ kan, kò yí. Wọ́n tì í, kò yí. Ọ̀kan lọ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ki í bọ abẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ́. Ó ní, "Èyí tó tóbi jù ú lọ." Wọ́n wá èyí tó tóbi, òun náà ò tó gùn. Ìgbà tí wọ́n rí èyí tó gùn tó sì nípọn, ìtì igi yẹn yí, ekòló jáde lábẹ́ rẹ̀, ìgbín tí kò ní ìkarahun jáde, igbe ta. Ẹ ronú sí iye ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn kí ìtì igi tó yí. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò bá wọn gbé nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí, kéèyàn dúró kó má bá wọn gbé e. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, wọ́n yí i padà síbi tó wà, torí ilé àwọn kòkòrò náà ni.

Òtútù wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Àwa bí òtútù bá mú, jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan la máa ń gbé wọ ọmọ, ká wá fi jíìnsì sí i nísàlẹ̀. Jíìnsì ni ọ̀tá ọmọ nínú igbó. Òwú ni, bó bá ti mumi kò ní gbẹ títí wọ́n á fi padà délé, á sì máa fa ooru ara ọmọ lọ. Ohun tí ẹ máa rà ni aṣọ òjò tó jẹ́ òkè àti ilẹ̀ lódidi, tí ọmọ ń kó sí látẹsẹ̀ dé ọrùn, tó ní fìlà. Lábẹ́ rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mẹ́ta sàn ju sùwẹ́tà ńlá kan lọ. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ irun àgùntàn, òun ni kó kan ara. Bàtà òjò rẹ̀ kí ó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lè ráyè wọ̀ ọ́, torí bàtà tó bá fún ẹsẹ̀ pinpin ló ń jẹ́ kí ìka tutù. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ méjì sínú àpò rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ máa tutù kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ má lọ ra tuntun o. Àwọn ọmọ ń dàgbà kíákíá, òkìríkà rẹ̀ pọ̀ lórí Vinted àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, ọ̀pọ̀ nọ́sìrì sì ní èyí tí wọ́n ń yáni.

Irun: ẹ dì í lẹ́yìn pẹlẹbẹ. Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀ kúrò títí ìgbà náà á fi parí, torí ẹ̀ka igi máa ń há sí i. Fìlà sátíìnì lábẹ́ fìlà aṣọ òjò, irun ò ní gbẹ, kò sì ní já. Kó tó jáde nílé, ẹ fi òrí pa ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Àwọn òyìnbó tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ò mọ èyí tẹ́lẹ̀, ní báyìí agolo òrí kan ń bẹ nínú àpò wa.

Ti ìtọ̀, àgọ́ kékeré kan la máa ń ta, póò á wà nínú rẹ̀, omi àti ọṣẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì kó gbogbo ẹ̀gbin padà bọ̀.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe òjò ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Atẹ́gùn ni. Ẹ béèrè pé, "Atẹ́gùn tó le báwo ni ẹ kò fi ní wọ inú igbó?" Bí wọn ò bá ní ìdáhùn, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Ẹ̀ka igi ńlá tó bá ti kú sókè lè já nígbàkigbà tí atẹ́gùn bá ń jà, ìdí nìyẹn tí olùdarí fi gbọ́dọ̀ wo òkè kó tó wo ilẹ̀. Àwa máa ń débẹ̀ ṣáájú àwọn ọmọ, a ó yẹ orí igi wò, a ó yẹ ilẹ̀ wò bóyá ìgò fífọ́ wà tàbí ìgbẹ́ ajá. Bí atẹ́gùn bá le, gbangba ìta la máa ń lọ dípò igbó.

Ẹ sì ní oríire ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178 wà níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Lesnes Abbey, àwọn ọmọ máa ń sáré kiri orí òkúta rẹ̀. Nínú oṣù March òdòdó daffodil máa ń yọ fúnra rẹ̀ nínú igbó náà, tó bá di ìparí April àwọn òdòdó bluebell á tẹ́ ilẹ̀ bẹẹrẹ. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tí iyanrìn rẹ̀ ní eyín ẹja ṣáàkì nínú, ó ti di òkúta, ó ti tó mílíọ̀nù 54 ọdún. Wọ́n ń gba àwọn èèyàn láyè láti fi asẹ́ sẹ́ iyanrìn náà. Ẹ mú Tíwá lọ síbẹ̀ fúnra yín lọ́jọ́ Sátidé kí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ tó dé. Ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ rìn níbẹ̀ kì í sunkún lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá mú un lọ.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi, Woolwich

Àǹtí Bísí, ẹ ṣeun, mo gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlera kún un, torí àwa Yorùbá la ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wa.

Bí ọmọ bá ní ẹ̀jẹ̀ SS, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan láì bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Òtútù àti ara tó rin gbingbin lè mú kí ìrora bẹ̀rẹ̀, àìmu omi tó náà lè fà á. Mi ò sọ pé kó má lọ o. Mo mọ àwọn ọmọ SS tó ń lọ. Ṣùgbọ́n olùdarí gbọ́dọ̀ ní in lákọsílẹ̀ pé bí aṣọ bá ti rin, kíákíá ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí aṣọ gbígbẹ odidi wà nínú àpò, kí ó máa mu omi lemọ́lemọ́ bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì pe yín lójú ẹsẹ̀ bó bá ní ẹsẹ̀ tàbí ìka ń dun òun tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní England ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn yìí, nítorí náà èsì rẹ̀ ti wà ní fáìlì. Ọmọ AS ń ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Eégbọn wà nínú igbó níbí, pàápàá láti ìgbà ìrúwé títí dé ìgbà ìkórè. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹ wo ẹ̀yìn etí, abíyá, ibi tí itan ti pàdé ikùn, ẹ̀yìn orúnkún àti ìlà irun. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi fásìlìnì bò ó. Ẹ fi ẹ̀mú tó lẹ́nu ṣóńṣó mú un ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti kan awọ, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ láì tẹ ikùn rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ojú ibẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Bí àmì kan bá yọ rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń fẹ̀ sí i, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé eégbọn bù ú jẹ, torí àrùn Lyme tí eégbọn máa ń kó ranni. Lára awọ tiwa, àmì yẹn kì í pọ́n bí ó ṣe máa ń pọ́n nínú àwòrán. Ó lè jọ ibi tó kàn dúdú ju ara yòókù lọ. Ẹ lo iná tó mọ́lẹ̀ kí ẹ fi wò ó.

Bó ti wù kó máa jáde tó, ẹ máa fún un ní vitamin D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́. Oòrùn ilẹ̀ yìí ò tó awọ wa láti oṣù October dé March. Kò sì sí òjò tó ń fa ikọ́ fúnra rẹ̀, kòkòrò àrùn ló ń fà á, inú yàrá tí a ti fèrèsé pa ló sì ti ń ràn jù.

Bàbá Ìbejì, Hamburg

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn ìbejì mi ò tiẹ̀ ní kíláàsì tí wọ́n ń padà sí. Waldkindergarten, ìyẹn nọ́sìrì inú igbó, ni wọ́n ń lọ, látàárọ̀ di ọ̀sán, Mọ́ńdè dé Ọjọ́ Ẹtì, yìnyín ni tàbí ooru. Ilé kékeré onígi kan tó ní táyà lẹ́sẹ̀ ló wà nínú igbó, sítóòfù wà nínú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá burú ju, ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ní Wiesbaden ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ní 1968, ní 1993 ni ti Flensburg gba àṣẹ ìjọba, wọ́n sì ti lé ní 1,000 báyìí káàkiri Jámánì.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Tíwá gbọ́ ni pé àwọn tèmi kì í ní ohun ìṣeré olówó lọ́hùn-ún. Igi ni mọ́tò, igi náà ni tẹlifóònù, igi náà ni ìyá oníṣu. Taiwo ń ta iṣu, Kẹ́hìndé ń ná an, àwọn ọmọ Jámánì náà ti ń ná an. Tí a bá lọ sí igbó lọ́jọ́ ìsinmi, bojúbojú là ń ṣe, èmi ni mo kọ́ àwọn olùkọ́ wọn ní tiwa. Olùkọ́ yẹn ní ó dára fún wọn, torí ó ń kọ́ ọmọ láti dúró sójú kan kó dáhùn bí wọ́n bá pè é, bí ọmọ bá sì sọnù nínú igbó ohun tó máa gbà á là nìyẹn.

Tíṣà Àjọkẹ́, Ajah

Ní Èkó níbí, ejò ni àwọn òbí kọ́kọ́ máa ń mú wá, wọn ò sì jayò pa. A ní ṣèbé, a ní paramọ́lẹ̀. A máa ń gé koríko lulẹ̀, a ó fi igi gbá ilẹ̀ kí a tó wọ ibẹ̀, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ̀, aago mẹ́jọ ààbọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí ààrá bá sán, inú ilé kíá. Abẹ́ igi fúrúùtù inú ọgbà ilé ìwé wa la ti ń ṣe tiwa lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a ń kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre, hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ rẹ̀, láti 1990 ló ti wà. Afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401, a kì í gbé àwọn ọmọ nọ́sìrì gùn ún. Ọ̀nà pákó ìsàlẹ̀ tó wọ inú igbó ti tó wọn, ọ̀bọ á kí wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ejò olóró kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Britain. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ.

Ìyá Tíwá, Thamesmead

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ti lọ bá ọ̀gá nọ́sìrì lónìí. Olùdarí wọn ní Level 3, ó fi hàn mí. Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́rin ni. Nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú ìwé kan jáde tó ní ìwọ̀n rẹ̀. AS ni Tíwá. Ọkọ mi ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀kan ló kù. Màmá ní àwọn náà fẹ́ bá wa lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn fojú ara àwọn rí igbó náà. Wọ́n ti ń béèrè bóyá olú wà níbẹ̀, torí wọ́n ní olú oko dùn ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Ṣé kò séwu?

Àǹtí Bísí, Plumstead

Ẹ mú Màmá dání, ẹ ra bàtà òjò fún àwọn náà. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, olú kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpò. Kì í ṣe pé wọn ò mọ olú. Olú ilẹ̀ tiwa ni wọ́n mọ̀. Ọ̀kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní death cap, orí rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, ó fani mọ́ra, ó jọ ohun tí à ń jẹ, ó sì ń pa èèyàn. Àwọn igbó kan tilẹ̀ ti fòfin de jíjá olú, irú bí Epping Forest. Òfin tí wọ́n máa kọ́ Tíwá ni pé ọmọ kì í já nǹkan, ọmọ kì í sì fi nǹkan sẹ́nu nínú igbó láìjẹ́ pé àgbàlagbà wà níbẹ̀ tó sì gbà á láyè. Èso pupa kan tún wà tó máa ń dúró ṣánṣán lórí igi kúkúrú nísàlẹ̀ ilẹ̀, lords-and-ladies ni wọ́n ń pè é, májèlé ni òun náà. Ẹ fi han Màmá, kí àwọn fi han Tíwá.

Bó bá jẹ́ October lẹ lọ, igi sweet chestnut pọ̀ níbẹ̀, èso rẹ̀ á ti máa bọ́ sílẹ̀. Èyí tó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lára bí irun ni kí ẹ ṣà. Èyí tí ẹ̀gún rẹ̀ kúrú tó sì jìnnà síra, májèlé ni, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ èèpo rẹ̀ kó là, ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ lára kí ẹ tó yan án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bú gbàmù lójú iná. Màmá á mọ bí wọ́n ṣe ń yan án.